Gáàsì kì í ṣe kpayo: ohun tí a ó fi gbé e ni kí a kọ́kọ́ bèèrè

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìgólò wọ Àjàṣẹ́, tàbí tí ó gba Ìlárá lọ sí Kétu, yóò rí wọn lẹ́bàá títì: tábìlì pákó, ìgò ńlá tí ẹsáǹsì ń dán nínú rẹ̀, bìdọ́ọ̀nù lẹ́yìn rẹ̀, àti àrọ tí a fi aṣọ sí lẹ́nu kí ìdọ̀tí má baà wọlé. Kpayo nìyẹn. Ó ti rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ti kọ́ ilé, ó sì ti jó ọ̀pọ̀ ènìyàn pa. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láàárín wa.

Ṣùgbọ́n nǹkan ń yí padà níbi tí kpayo ti ń wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin ní Nàìjíríà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń lọ sópin, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Kpayo tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa náà gbówó lérí. Lọ́dún 2023 yẹn kan náà ni ìjọba Nàìjíríà dá ètò sílẹ̀ láti máa yí ọkọ̀ padà kúrò lórí epo sí orí gáàsì, nítorí pé gáàsì pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn, ó sì dín owó kù.

Bí àwọn tí a ń bá ra epo bá ń lọ sí orí gáàsì, kí ni àwa tí a ń jẹun lórí epo wọn yóò ṣe? Ẹni tí ó bá ti gbé bìdọ́ọ̀nù fún ogún ọdún lè rò pé bí a ti ṣe gbé ẹsáǹsì náà ni a ó ṣe gbé gáàsì. Ó yẹ kí a tètè tú èrò yẹn wò, nítorí pé ó lè pa ènìyàn. Ẹsáǹsì máa ń gba ohunkóhun tí a bá fi gbé e: ìgò, bìdọ́ọ̀nù, dírọ́ọ̀mù. Gáàsì kì í gbà bẹ́ẹ̀. Nínú òwò gáàsì, ohun tí a fi ń gbé ọjà wọ́n ju ọjà lọ, ẹni tí kò bá sì ní in kò ní òwò.

Gáàsì kò jẹ́ ọ̀kan náà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe gbogbo wọn lọ́jà.

Èkíní ni gáàsì ìdáná tí ó wà nínú sílíńdà ilé wa. Bí a bá fún un pọ̀ díẹ̀, yóò di omi. Agbára tí ó fi ń ti ara sílíńdà kò le púpọ̀: kì í sábà kọjá bar 10. Bar ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà. Táyà ọkọ̀ kékeré máa ń gba bíi bar 2 tàbí díẹ̀ lé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni yóò wà, yóò wọ́ lọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti inú gọ́tà, títí yóò fi rí iná.

Èkejì ni gáàsì tí ń tinú ilẹ̀ jáde pẹ̀lú epo rọ̀bì tàbí ní òun nìkan. Èyí fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí a bá fún un pọ̀ ní ìwọ̀n ooru tí a wà nínú rẹ̀ yìí, kò ní di omi bí ó ti wù kí a fún un tó. Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ni a lè gbà dì í láti fi ọkọ̀ gbé e. Ọ̀nà kan ni láti fún un pọ̀ bí gáàsì títí yóò fi tó bar 200. Èyí ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní CNG, òun ni ètò ọkọ̀ wọn dá lé. Ọ̀nà kejì ni láti mú un tutù títí yóò fi di omi. Èyí ni wọ́n ń pè ní LNG, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní GNL.

Ẹ̀kẹta ni háídírójìn, tí a ó padà dé orí rẹ̀.

Pípù, ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ títì

Gáàsì ilẹ̀ yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa pátápátá. Pípù kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó gba abẹ́ òkun kọjá, gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678. Ó yà sí Kútọnu, ó yà sí Lomé, ó sì lọ sí Tema àti Takoradi ní Gánà. Ilé iṣẹ́ mànàmáná ni ó ń fún ní oúnjẹ. Ilé iṣẹ́ Maria-Gléta tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019 nítòsí Kútọnu, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 127, lè lo gáàsì yìí, ó sì lè lo epo dúdú bí gáàsì bá wọ́n.

Pípù dára, ṣùgbọ́n ojú kan ni ó wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, nínú rògbòdìyàn tí àwọn olè ojú omi dá sílẹ̀ níwájú Lomé, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan fa pípù náà ya. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi tún un ṣe, àwọn tí ó wà ní ìparí pípù náà sì fi àìríná jẹ ìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí ayé fi wá ọ̀nà mìíràn láti gbé gáàsì lọ síbi tí pípù kò dé.

Ní erékùṣù Bonny ní ìpínlẹ̀ Rivers, Nàìjíríà ti ń sọ gáàsì di omi láti ọdún 1999. Ilé iṣẹ́ náà lè ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 22 lọ́dún, wọ́n sì ń fẹ̀ ẹ́ kí ó lè di mílíọ̀nù 30. Wọ́n ń mú gáàsì náà tutù títí dé ìwọ̀n 162 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ẹ lè mọ bí òtútù yẹn ti tó, òdo ni ìwọ̀n tí omi fi ń di yìnyín. Bí gáàsì bá tutù tó bẹ́ẹ̀, yóò di omi tí kò ní àwọ̀, yóò sì súnkì ní ìlọ́po 600. Ohun tí ì bá kún ilé 600 yóò wọ inú ilé kan ṣoṣo. Ìsúnkì yìí ni èrè ibẹ̀. Òun ni ó jẹ́ kí ọkọ̀ òkun lè gbé gáàsì Bonny lọ sí Yúróòpù àti Éṣíà.

Ó sì ti ń gba orí títì náà. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Rumuji, ní ìpínlẹ̀ Rivers kan náà, tí ó ń fi ọkọ̀ ńlá gbé gáàsì olómi láti ibẹ̀ lọ fún àwọn oníbàárà jákèjádò Nàìjíríà, títí dé òkè ọya. Ẹ fi èyí sọ́kàn: gáàsì olómi ti di ẹrù tí ń rin títì ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí.

Fláàsì ni, kì í ṣe dírọ́ọ̀mù

Báwo ni a ṣe ń gbé ohun tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ gba inú oòrùn? Ẹ wo fláàsì tí àwọn ìyá wa fi ń gbé omi gbígbóná. Ara méjì ni ó ní, ọ̀kan nínú èkejì, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn tán kí ooru má baà rí ọ̀nà kọjá. Bí táńkì tí ń gbé gáàsì olómi ṣe rí gan-an nìyẹn, àfi pé ó tóbi, àti pé irin inú rẹ̀ kì í ṣe irin tí a kàn rí rà.

Orí irin yẹn ni ayé ti kọ́gbọ́n tí ó dunni jù. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1944, ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, táńkì gáàsì olómi kan là. Irin tí wọ́n fi ṣe é kò ní níkẹ́lì tó, òtútù sì ń sọ irú irin bẹ́ẹ̀ di ohun tí ń fọ́ bí àwo. Gáàsì náà ṣàn wọ inú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀, ó rí iná, ó sì bú gbàù. Ènìyàn 130 ni ó kú. Láti ìgbà náà, irin tí níkẹ́lì inú rẹ̀ tó ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń lò jù fún táńkì ńlá lórí ilẹ̀, wọ́n sì ń mọ odi yí i ká kí ohun tí ó bá jò má baà ṣàn lọ sí ìgboro.

Bí irin tí kì í ṣe tirẹ̀ bá ń fọ́, kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí bìdọ́ọ̀nù? Rọ́bà rẹ̀ yóò gan, yóò sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọwọ́ tí ó bá kan gáàsì náà yóò bó bí ẹni tí iná jó. Bí a bá sì rí ohun tí kò fọ́, tí a dà á sínú rẹ̀ tí a dé e pa, gáàsì náà yóò gbóná, yóò fẹ́ padà sí ìlọ́po 600 tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, yóò sì fọ́ ohunkóhun tí a dé mọ́ ọn.

Ohun mìíràn wà tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí fláàsì ti wù kó dára tó, omi gbígbóná inú rẹ̀ yóò tutù níkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì olómi yóò máa hó díẹ̀díẹ̀ nínú táńkì rẹ̀, tí ohun tí ó bá hó náà yóò sì ní láti ríbi jáde. Àwọn ọkọ̀ òkun ń fi tiwọn wa ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó bá ní kpayo lè tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ títí owó yóò fi gòkè. Ó ṣòro láti tọ́jú gáàsì olómi bẹ́ẹ̀ de ọjọ́ ọ̀wọ́n. Bí kò bá sí ẹni tí yóò rà á kíákíá, afẹ́fẹ́ ni yóò gbà á.

Ibi tí a ti ń rọ ọ́ ni ewu wà jù

Ewu epo kì í sábà ṣẹlẹ̀ níbi tí ó ti dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà tí a bá ń dà á láti inú ohun kan sí òmíràn ni. A kò tíì gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ní Sèmè-Kraké, nígbà tí iná jó ibi tí wọ́n ń kó epo sí. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ni ó kú, ọ̀pọ̀ sì fara jóná. Wọ́n ń sọ ẹsáǹsì kalẹ̀ lọ́wọ́ ni iná fi ṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ìjọba ti sọ lọ́jọ́ náà.

Gáàsì kò ní àrọ. Níbi tí a ti ń rọ gáàsì olómi, ẹnu ọ̀pá ìrọgáàsì máa ń há mọ́ ẹnu táńkì ọkọ̀ pinpin kí ohunkóhun tó ṣàn, ẹni tí ń rọ ọ́ a sì wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti ìbòjú. Òórùn tí a ń gbọ́ lára gáàsì ìdáná jẹ́ ohun tí wọ́n fi sí i kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Wọn kò lè fi sí gáàsì olómi, nítorí pé òtútù yóò mú kí òórùn náà di. Nítorí náà, imú kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọ ni ó ń rí i.

Gáàsì àfúnpọ̀, CNG, ni ó sún mọ́ wa jù, nítorí pé ọkọ̀ tí a yí sí gáàsì ní Èkó lè gba Sèmè tàbí Ìdìrókò wọlé tọ̀ wá nígbàkígbà. Sílíńdà rẹ̀ ń gba bar 200. Sílíńdà ìdáná kò ju bar mélòó kan lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní Benin City ní ìpínlẹ̀ Edo, tí kì í ṣe orílẹ̀-èdè wa, ọkọ̀ kan bú gbàù níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i, àwọn ènìyàn sì fara pa. Àwọn aláṣẹ ètò ọkọ̀ gáàsì Nàìjíríà sọ pé sílíńdà tí a jó pọ̀, tí a kò ṣe fún gáàsì àfúnpọ̀, ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹni kan fẹ́ dín owó kù. Ó gbé irin tí a ṣe fún ìdáná lọ síbi tí agbára ti fi ìlọ́po ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ le ju tirẹ̀.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù nìyí. A ní àwọn wẹ́dà tí ọwọ́ wọn dáńgájíá láti Pọ́bẹ̀ dé Ṣábẹ̀ẹ́. A ní àwọn mẹkáníìkì tí kò sí ọkọ̀ tí wọn kò lè mú rìn. A sì ní àwọn tí ń ṣí sílíńdà ìdáná láti da gáàsì rẹ̀ sínú òmíràn. Ọgbọ́n wọn ti gbà wá nínú ọ̀pọ̀ ìṣòro. Ṣùgbọ́n bar 200 kò mọ ọgbọ́n. Ojú tí ń wo ibi tí a jó pọ̀ kò lè rí ìlà tíńtín tí ó wà nínú irin.

Háídírójìn: ó dára, ó sì le

A ń gbọ́ orúkọ háídírójìn lọ́pọ̀lọpọ̀ báyìí. Yunifásítì Lomé wà lára àwọn tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìmọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ ilẹ̀ Jámánì. Ìdí tí ayé fi ń lé e ni pé bí ó bá jó, omi ni ó ń dà, kì í dà èéfín dúdú. A sì lè fi iná oòrùn fà á jáde láti inú omi.

Ìṣòro rẹ̀ wà níbi ìgbélọ. Kìlógíráàmù kan rẹ̀ ní agbára tó ti ẹsáǹsì ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ débi pé kìlógíráàmù kan yẹn gba àyè púpọ̀ jù. Kí ó tó di omi, a gbọ́dọ̀ mú un tutù dé ìwọ̀n 253 sí ìsàlẹ̀ òdo. Síbẹ̀, lítà háídírójìn olómi kan kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin agbára lítà ẹsáǹsì kan lọ. Nínú ọkọ̀ kékeré, bar 700 ni wọ́n ń fún un pọ̀ dé, èyí tí ó ju ti táyà ọkọ̀ lọ ní ìlọ́po 300. Ó máa ń wọ inú irin kan, a sì sọ ọ́ di ohun tí ń fọ́. Ìwọ̀nba iná kékeré tí ara ẹni ń ta nígbà tí a bá bọ́ aṣọ ọ̀rá tó láti ràn án. Bí ó bá sì ń jó lọ́sàn-án gangan, ojú lè má rí iná rẹ̀.

Àwọn tí ó lówó gan-an ń ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ọkọ̀ òkun Suiso Frontier gbé háídírójìn olómi láti Ọsirélíà lọ sí Kobe ní Japan, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń gbé gáàsì Bonny. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ibi ìrọ háídírójìn kan bú gbàù ní Sandvika ní Norway. Ìwádìí fihàn pé bóòtù tí wọn kò dì bó ti yẹ lára táńkì ni ó fà á. Bóòtù lásán, ní ilẹ̀ tí kò tòṣì, lọ́wọ́ àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Kí ni ká ṣe?

Àwa kò sọ pé kí gáàsì má wá. Bí ó bá wá lọ́nà tí ó tọ́, ó lè dín owó ọkọ̀ kù láti Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́, ó sì lè jẹ́ kí iná mànàmáná dúró. Ohun tí a ń sọ ni pé kò lè gba ẹ̀yìn igbó wá bí kpayo. Ẹni tí ó ń tà á gbọ́dọ̀ ní owó táńkì, owó ẹ̀rọ, àti ìwé àṣẹ. Èyí túmọ̀ sí pé bí ìjọba kò bá ṣe nǹkan kan, òwò náà yóò kúrò lọ́wọ́ ìyá tí ó ní tábìlì lẹ́bàá títì, yóò sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó díẹ̀. Ebi yóò sì ti ẹni tí kò ní nǹkan láti dán ohun tí kò yẹ wò.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta wà fún àwọn aláṣẹ ní Kútọnu àti ní Lomé. Ta ni yóò máa yẹ sílíńdà ọkọ̀ wò ní ẹnubodè, kí a lè mọ èyí tí ó ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́ àyẹ̀wò lára, yàtọ̀ sí èyí tí wẹ́dà jó pọ̀? Níbo ni ọkọ̀ gáàsì tí ó bá wọlé yóò ti rọ, kí awakọ̀ rẹ̀ má baà wá ẹni tí yóò bá a rọ ọ́ ní kọ̀rọ̀? Ọ̀nà wo ni a ó sì ṣí fún àwọn tí ń ta kpayo, bóyá kí wọ́n kó owó jọ ní ẹgbẹ́ láti máa ṣe pàṣípààrọ̀ sílíńdà ìdáná tí a ti dí lẹ́nu láti ilé iṣẹ́, tí kò sí ẹni tí yóò ṣí i lọ́nà?

Fún ẹ̀yin tí ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní Májìyà ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ènìyàn tí ó ju 150 lọ kú nígbà tí ọkọ̀ epo dojú dé, tí àwọn ènìyàn sì lọ gbọ́n epo. Bí ọkọ̀ tí ó gbé gáàsì olómi bá dojú dé lọ́jọ́ kan, kò sí ohun tí a lè gbọ́n níbẹ̀. Bí ẹ bá rí kùrukùru funfun tí ń rá mọ́lẹ̀, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ má da omi sí i, ẹ má tan iná, ẹ má sì ta ọ̀kadà. Ẹ kó ọmọ yín, kí ẹ sì sá lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kì í ṣe ibi tí ó ń fẹ́ lọ.

Ohun tí a kò bá mọ̀ ní ń gba ọwọ́ ẹni. Kpayo ti kọ́ wa pé epo olówó pọ́ọ́kú lè gbówó lórí ẹ̀mí. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé gáàsì wọ ọjà wa, kí a kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kí ni o fi gbé e?